Ọ́ìlì ń kán sí ẹsẹ̀ mi lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù Benz bàbá mi: ṣé kí n dí páìpù géèjì náà ni, àbí kí n pààrọ̀ rẹ̀?

Ìbéèrè: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ ni mí ní Kubwa. Mercedes-Benz 240D tí bàbá mi rà ní ọdún 1982 ni mo jogún, òpin ọ̀sẹ̀ ni mo sì máa ń gbé e jáde. Ó ti tó oṣù kan báyìí tí ọ́ìlì dúdú ti ń kán sí bàtà òsì mi láti abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ọwọ́ géèjì ọ́ìlì tó sì máa ń dúró lórí 3 tẹ́lẹ̀ kì í kọjá 1 mọ́. Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ tó wò ó ní ẹ́ńjìnnì ti fẹ́ẹ́ nọ́ọ̀kì, pé kí n máa wá owó tòkunbọ̀. Èkejì ní òun yóò ká páìpù náà, òun yóò sì fi wáyà dì í, pé kò sí ohun tó ń ṣe lára ọkọ̀. Ẹnìkan tún ní kí n yọ ti àtijọ́ dànù, kí n fi géèjì oníná sí i. Mo fẹ́ fi ọkọ̀ yìí lọ sí Ọ̀fà fún ìrántí ọdún kan tí bàbá mi papò dà, ó sì ku ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Kí ni kí n ṣe?"

Ìdáhùn: Mo ka lẹ́tà yín lẹ́ẹ̀mejì kí n tó mú bírò, nítorí pé ìbéèrè mẹ́ta ló lọ́ mọ́ra wọn nínú rẹ̀, bí a kò bá sì tú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, owó yín ni yóò ṣòfò sí i. Àkọ́kọ́ ni bóyá ẹ́ńjìnnì náà ti bàjẹ́. Èkejì ni ohun tó yẹ kí ẹ ṣe sí páìpù tó ń jò. Ẹ̀kẹta ni bóyá ọkọ̀ náà lè gbé yín dé Ọ̀fà láìsí ewu. Kí n tó bẹ̀rẹ̀ àlàyé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe wa ọkọ̀ náà mọ́ títí ẹ ó fi yanjú ọ̀rọ̀ páìpù yìí. N kò sọ bẹ́ẹ̀ nítorí pé mo gbà pẹ̀lú ẹni tó ní ẹ́ńjìnnì ti ń kú lọ. Ohun tó mú mi sọ ọ́ ni pé inú ẹ́ńjìnnì gan-an ni ọ́ìlì tó ń kán sí ẹsẹ̀ yín ti ń wá, bí páìpù náà bá sì já lójú ọ̀nà, ọ́ìlì yóò máa tú jáde títí èyí tó ṣẹ́kù kò fi ní tó ohun tí pọ́ọ̀ǹpù lè fà mọ́.

Ọkọ̀ yín wà lára ìran tí Mercedes-Benz pè ní W123, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní ọdún 1976, tí wọ́n sì ń ṣe títí di àárín àwọn ọdún 1980. Bíi mílíọ̀nù 2.7 ni wọ́n ṣe jáde, ìdí nìyẹn tí ẹ fi ṣì lè rí ẹ̀yà ara rẹ̀ rà títí dòní. Géèjì ọ́ìlì inú rẹ̀ kò lo iná mànàmáná rárá. Páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló bẹ̀rẹ̀ láti ibi ilé fílítà ọ́ìlì lára ẹ́ńjìnnì, tó gba ihò kan kọjá lára irin tó pín abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì níyà sí ibi tí a ń jókòó sí, tó sì wọ ẹ̀yìn àwo géèjì tó wà níwájú yín. Ihò inú páìpù yìí kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju ti róbà tíntín tí yíǹkì máa ń wà nínú báírò lọ. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ló kún inú rẹ̀ dé ẹ̀yìn géèjì. Nínú géèjì náà, páìpù bàbà pẹlẹbẹ kan wà tí wọ́n tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja. Bí ọ́ìlì bá ṣe ń tì í láti inú ni yóò máa fẹ́ na ara rẹ̀ tọ́, nínà yẹn ló sì ń yí ọwọ́ géèjì. Ará Faransé kan tó ń jẹ́ Eugène Bourdon ló gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ọgbọ́n yìí ní ọdún 1849, òun kan náà ló sì wà nínú géèjì tí ẹ ń rí lórí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ àwọn fọkanáísà lẹ́bàá títì.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀, tí mẹkáníìkì àkọ́kọ́ tí ẹ bá pàdé náà kò sì rò, ni pé ọ́ìlì inú páìpù yìí kì í rìn. Kò ní ibi tó ń lọ, nítorí pé géèjì ni òpin ọ̀nà rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti ń rìn, iye agbára tó fi ń tì nísàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì náà ni yóò fi ti géèjì lókè. Ṣùgbọ́n bí páìpù bá lu níbi tó sún mọ́ géèjì, ọ́ìlì yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, yóò sì máa pàdánù agbára ní gbogbo gígùn ihò tóóró yẹn kó tó dé òkè. Ẹ ti rí irú rẹ̀ rí nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ yín: bí ẹ bá fi àtàǹpàkò dí ẹnu róbà omi gígùn pátápátá, omi yóò ti àtàǹpàkò yín gidigidi, bí ẹ bá ṣí i sílẹ̀ díẹ̀, agbára náà yóò rọ̀, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan ẹ̀rọ tó ń fa omi. Nítorí náà, 1 tí ẹ ń rí yẹn lè jẹ́ iye tó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí ọ́ìlì ti jò lójú ọ̀nà, kí pírẹ́ṣọ̀, ìyẹn agbára tí ọ́ìlì fi ń tì, nínú ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ sì pé pérépéré. Géèjì tí páìpù rẹ̀ ń jò ti di ẹlẹ́rìí tí a kò lè gbé ẹjọ́ kà lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Èmi kò sọ pé ẹ́ńjìnnì yín wà ní àlàáfíà o. Ohun tí mo sọ ni pé kò tíì sí ẹ̀rí kankan pé kò sí ní àlàáfíà. Ẹ jẹ́ kí a tún mọ ohun tí 3 orí géèjì yẹn túmọ̀ sí, nítorí pé ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣi ẹsẹ̀ gbé. Bar ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n, bar kan sì jẹ́ bíi 14.5 nínú ìwọ̀n psi tí àwọn fọkanáísà ń lò. Orí 3 ni ojú géèjì náà parí sí, nítorí náà nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, tàbí tí ẹ bá ń sáré lójú ọ̀nà, ọwọ́ géèjì yóò lẹ̀ mọ́ 3, nígbà tí pírẹ́ṣọ̀ tòótọ́ lè ti kọjá ibẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná dáadáa, tí ẹ sì dúró láì tẹ iná, àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà gbà kí ó wálẹ̀ dé 0.3, bí ó bá ṣáà ti ń fò sókè lójú ẹsẹ̀ tí ẹ bá tẹ iná. Nínú oṣù kẹta àti oṣù kẹrin, nígbà tí oòrùn Àbújá bá ń jó bí iná, ọ̀pọ̀ ni ẹ̀rù máa ń bà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Nyanya nítorí pé wọ́n rí 1 lórí géèjì, tí wọn yóò sì wá bá mi pẹ̀lú ojú ẹni tó ti pàdánù ọkọ̀ rẹ̀. Kò sí ohun tó ṣe ẹ́ńjìnnì wọn. Ọ̀rọ̀ tiyín yàtọ̀ díẹ̀, nítorí pé ẹ ní kì í kọjá 1 rárá, ìyẹn ni pé kì í gòkè nígbà tí ẹ bá tẹ iná pàápàá. Ẹ́ńjìnnì tó ti jẹ tán lè ṣe bẹ́ẹ̀, páìpù tó ń jò náà sì lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó lè là wọ́n níyà ni kí mẹkáníìkì tú páìpù náà kúrò lára ẹ́ńjìnnì, kí ó dè géèjì ìdánwò mọ́ ojú ihò kan náà, kí ó sì mú ẹ́ńjìnnì gbóná títí tí yóò fi tó bó ṣe máa ń gbóná lójú ọ̀nà. Kò gba wákàtí kan. Ẹni tó bá ń dá owó ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ lé yín lórí láì kọ́kọ́ ṣe èyí, ẹ má ṣe gbà fún un.

Bí géèjì ìdánwò náà bá wá fi hàn pé pírẹ́ṣọ̀ lọ sílẹ̀ lóòótọ́, ẹ kọ́kọ́ wo ọ́ìlì tó wà nínú rẹ̀. Mo ti rí ẹ́ńjìnnì díẹ́sẹ̀lì tí wọ́n ti kọ̀wé ikú sí, tó jẹ́ pé ọ́ìlì ayédèrú tó ṣàn bí omi ló wà níbẹ̀. A da ojúlówó ọ́ìlì tí wọ́n kọ 15W-40 (ìwọ̀n bó ṣe nípọn tó) sí lára sí i pẹ̀lú fílítà tuntun, ohùn rẹ̀ sì yí padà. Bí kò bá jẹ́ ọ́ìlì, a lè wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa bíárìn kíráńkì àti pọ́ọ̀ǹpù ọ́ìlì. Ibẹ̀ ni tèmi dúró sí nínú lẹ́tà, nítorí pé etí ni a fi ń mọ ẹ́ńjìnnì tó ń nọ́ọ̀kì, n kò sì gbọ́ tiyín.

Ní ti ẹni tó fẹ́ ká páìpù náà kí ó sì fi wáyà dì í, ó tọ̀nà nínú ohun kan ṣoṣo: kò sí ẹ̀yà ẹ́ńjìnnì kankan tí ọ́ìlì inú páìpù yẹn ń lọ rìn, nítorí náà bí a bá dí i, ẹ́ńjìnnì kò ní kú nítorí ìyẹn. Ṣùgbọ́n páìpù yín ti lé ní ogójì ọdún. Bí ẹ bá fi ọwọ́ méjèèjì ká irú rẹ̀, ẹ ó gbọ́ tí yóò ró bí igi gbígbẹ, ibi tí wọ́n ti ká a yẹn gan-an ni yóò sì ti là nígbà tí ooru ẹ́ńjìnnì bá mú un. Lẹ́yìn èyí, ọkọ̀ yín kò ní iná pupa tó ń kìlọ̀ pé ọ́ìlì kò tì mọ́, irú èyí tí àwọn ọkọ̀ ìsinsìnyí ní. Géèjì yẹn nìkan ni olùṣọ́ tó wà níbẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ dí i fún ìgbà díẹ̀, kí ọkọ̀ lè dé ṣọ́ọ̀bù tàbí kí ó lè dúró de páìpù tuntun, bóòtù tí téèdì rẹ̀ (ìlà tó yí ara rẹ̀ ká) bá ihò ara ẹ́ńjìnnì mu ni kí wọ́n fi dí i níbẹ̀, pẹ̀lú wáṣà bàbà tuntun lábẹ́ rẹ̀. Ìyẹn kò ní jò. Ṣùgbọ́n ẹ má fi bẹ́ẹ̀ rin ìrìn àjò.

Ní ọdún kejì tí mo dá ṣọ́ọ̀bù tèmi sílẹ̀, mo fi páìpù bàbà sí ọkọ̀ oníbàárà mi kan tó máa ń ti Kàdúná wá sí Àbújá ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Mo fà á tọ́ gbọnrangandan láti ara ẹ́ńjìnnì dé inú ọkọ̀, ó sì wuyì lójú. Nígbà tó di oṣù kẹrin, ó já lẹ́bàá nọ́ọ̀tì nígbà tí ọkùnrin náà kù díẹ̀ kó dé Tafa. Ó rí i tí ọwọ́ géèjì já wálẹ̀ sí òdo, ó yà sí ẹ̀gbẹ́ títì, ó sì pa ẹ́ńjìnnì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ọ́ìlì ti wẹ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì láti iwájú dé ẹ̀yìn, ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì sì jáde ní gbígbẹ. Àṣìṣe ọwọ́ mi ló já páìpù yẹn, mo sì san gbogbo ohun tó tọ́ kí n san. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì náà kò kú, nítorí pé ẹni tó ń wa ọkọ̀ ń wo géèjì, géèjì náà sì wà níbẹ̀ láti wò. Ká ní wọ́n ti ká a ni, kí wọ́n sì fi wáyà dì í, ariwo irin ni ìbá kọ́kọ́ sọ fún un.

Kí ló ń ba páìpù yìí jẹ́ gan-an? Ọjọ́ orí ni olórí. Oníike líle ni èyí tó bá ọkọ̀ náà wá láti Jámánì. Ooru abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì a máa gbẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí tí yóò fi pàdánù rírọ̀ rẹ̀. Ẹ tún rántí pé ẹ́ńjìnnì díẹ́sẹ̀lì onísìlíńdà mẹ́rin máa ń gbọ̀n nígbà tó bá dúró lójú kan, àgọ́ ọkọ̀ kò sì bá a gbọ̀n, nítorí náà páìpù náà ni à ń fà síhìn-ín tí à ń fà sọ́hùn-ún lójoojúmọ́. Níbi ihò tó gbà wọ inú ọkọ̀, róbà kan wà tó yẹ kó gbà á lọ́wọ́ etí irin. Bí róbà yẹn bá ti jẹrà, irin yóò máa rẹ́ páìpù bí ayùn. Bí ẹ bá tan tọ́ọ̀ṣì síbẹ̀, ẹ ó rí ojú kan tó ń dán lára páìpù, tí kò gùn ju èékánná lọ, ọ́ìlì á sì máa yọ níbẹ̀ bí òógùn. Ọwọ́ ènìyàn náà a máa bà á jẹ́: àwọn ríwáyà tó bá fẹ́ pààrọ̀ gílóòbù ẹ̀yìn géèjì máa ń fi agbára fa àwo géèjì jáde láì rántí pé páìpù kan so mọ́ ọn. Èyí tí ẹ sọ pé inú ọkọ̀ ló ń kán sí mú mi rò pé ẹ̀yìn géèjì gan-an tàbí ibi tí kò jìnnà sí i ni tiyín ti lu. Síbẹ̀, kí mẹkáníìkì nu gbogbo gígùn páìpù náà gbẹ kó tó dájọ́, nítorí pé ọ́ìlì máa ń rìn lára páìpù, ibi tó bá ti kán sílẹ̀ kì í sábà jẹ́ ibi tó ti jáde.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ pààrọ̀ páìpù náà látòkè délẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gé ibi tó lu kúrò kí wọ́n fi nǹkan so ó pọ̀, nítorí pé ìyókù rẹ̀ ti gbó bákan náà. Èyí tí mo fẹ́ jù fún ọkọ̀ yín ni páìpù oníike tí wọ́n ṣe fún W123, tuntun nínú ọ̀rá, nítorí pé gígùn rẹ̀ pé, ẹnu méjèèjì bá ibi tí wọ́n ń lọ mu, ogójì ọdún tí ti àkọ́kọ́ sì fi ṣiṣẹ́ kì í ṣe ọjọ́ kékeré. Àwọn tó ń ta ẹ̀yà Benz ní Apo lè bá yín wá a, bí kò bá sí nílẹ̀ wọn lè kọ ọ́ sí ẹrù tó ń bọ̀. Tòkunbọ̀ rẹ̀ kò wúlò: ọjọ́ orí kan náà ni òun àti tiyín jọ ní, ó kàn jẹ́ pé ilẹ̀ òtútù lòún gbé dàgbà ni.

Bí tuntun oníike kò bá ṣeé rí láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bàbà àti họ́ọ̀sì oníwáyà ló kù. Bàbà kì í yọ́, kì í sì í gbẹ, ṣùgbọ́n gbígbọ̀n a máa sọ ọ́ di líle, líle a sì máa sọ ọ́ di jíjá, bí mo ṣe fi ojú ara mi rí i ní Tafa. Ẹni tí yóò bá lò ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi iná mú un títí yóò fi pọ́n díẹ̀, kí ó tó rì í bọ omi, kí ó lè rọ̀. Lẹ́yìn náà kí ó ká a ní òrùka méjì tàbí mẹ́ta tó fẹ̀ tó ẹnu ife láàárín ẹ́ńjìnnì àti ara ọkọ̀, kí òrùka wọ̀nyẹn máa gba gbígbọ̀n náà sára. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù níbí ń ra bàbà lọ́wọ́ àwọn tó ń tún fíríìjì ṣe. Kò burú, ṣùgbọ́n kí wọ́n má mú èyí tó tín jù lọ lára rẹ̀, èyí tí ihò rẹ̀ kò ju ti abẹ́rẹ́ lọ, nítorí pé ọ́ìlì tó nípọn kò ní tètè là á kọjá. Àwọn tó ń gbé Jọ́ọ̀s mọ ohun tí mo ń wí: ní òwúrọ̀ ọyẹ́, ọwọ́ géèjì tó bá wà lórí irú bàbà bẹ́ẹ̀ lè pẹ́ lórí òdo débi pé ẹni tó ni ọkọ̀ yóò ti pa á kó tó yọ. Họ́ọ̀sì tí wọ́n fi wáyà irin hun ara rẹ̀ ló lágbára jù, àwọn tó ń tẹ họ́ọ̀sì katakata àti ti ẹ̀rọ ńlá sì lè tẹ ẹnu rẹ̀ fún yín. Ohun tí mo máa ń ṣe nígbà tí oníike kò bá sí ni pé mo ń lo họ́ọ̀sì oníwáyà láti ara ẹ́ńjìnnì dé ara irin inú bọ́nẹ́ẹ̀tì, níbi tí gbígbọ̀n wà, mo sì ń fi bàbà parí rẹ̀ dé ẹ̀yìn géèjì, níbi tí ohunkóhun kò ti ń mì. Ó wọ́n ju àwọn tó kù lọ, ṣùgbọ́n n kò tíì rí èyí tó padà wá. Kí wọ́n má ṣe fi róbà pẹtiróòlù tàbí róbà dírípù ilé ìwòsàn sí i, bó ti wù kí kílíìpù rẹ̀ le tó. Ọ́ìlì gbígbóná yóò sọ ọ́ di rírọ̀, yóò sì yọ bọ́ lọ́jọ́ tí ẹ kò rò.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fi ojú yín wo mẹkáníìkì ni ọ̀rọ̀ téèdì. Ọkọ̀ Jámánì ni tiyín, ìwọ̀n mìlímítà ni wọ́n fi gé téèdì rẹ̀. Ọ̀pọ̀ páìpù àti géèjì tí wọ́n ń tà nínú páálí lọ́jà ni wọ́n gé sí ìwọ̀n Amẹ́ríkà tàbí ti Gẹ̀ẹ́sì, irú èyí tó wà lára MG àti Land Rover àtijọ́. Bí àpẹẹrẹ, téèdì M10, tó fẹ̀ ní mìlímítà 10, tí àlàfo láàárín ìlà rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 1, àti téèdì Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní 1/8 BSP jọ ara wọn bí ìbejì: ìkejì fẹ̀ tó bíi mìlímítà 9.7, àlàfo rẹ̀ sì jẹ́ bíi mìlímítà 0.9. Yóò wọlé lẹ́ẹ̀méjì tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, yóò wá le, ẹni tí kò ní sùúrù yóò fi sípánà gígùn tì í wọlé, yóò sì ti ba téèdì inú ihò jẹ́. Nọ́ọ̀tì tó bá tọ́ gbọ́dọ̀ fi ìka ọwọ́ lásán wọlé dé bèbè òpin. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, kí wọ́n dúró. Kí wọ́n má sì wé tépù funfun àwọn púlọ́mbà mọ́ ọn. Wáṣà bàbà tàbí ẹnu nọ́ọ̀tì fúnra rẹ̀ ló ń dí i, ègé tépù tó bá sì já wọ inú ihò tóóró yẹn lè dí géèjì pa.

Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kò le fún ẹni tó ní ọwọ́ pẹ̀lẹ́. Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ ti tutù. Kí wọ́n yọ orí bátìrì kan, nítorí pé wáyà iná pọ̀ lẹ́yìn àwo géèjì. Kò sí ìṣó kankan tó mú àwo géèjì W123 dúró: róbà tó yí i ká ló dì í mú, nítorí náà ìwọ̀ méjì tí a fi wáyà hángà ṣe ni a ń fi há a ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, tí a ó máa fà á díẹ̀ ní ọ̀tún, díẹ̀ ní òsì. Gbàrà tí ọwọ́ bá ti lè wọ ẹ̀yìn rẹ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ tú kébù tó ń yí mítà eré, lẹ́yìn náà nọ́ọ̀tì páìpù ọ́ìlì. Sípánà méjì ni kí wọ́n lò níbẹ̀, ọ̀kan láti di ẹnu géèjì mú, ìkejì láti yí nọ́ọ̀tì. Ẹni tó bá fi sípánà kan ṣoṣo yí i, ẹnu géèjì lè bá a yí, páìpù pẹlẹbẹ inú rẹ̀ yóò sì lọ́. Nígbà náà, a ti sọ páìpù tí à ń wá di géèjì tí à ń wá. Kí wọ́n tẹ́ àkísà sábẹ́ rẹ̀, nítorí ọ́ìlì tó wà nínú páìpù yóò dà. Kí wọ́n so òwú mọ́ ìdí páìpù àtijọ́ kí wọ́n tó fà á yọ, kí òwú náà lè mú tuntun gba ojú ọ̀nà kan náà, kí wọ́n sì fi róbà tuntun sí ihò irin. Páìpù kò gbọ́dọ̀ fara kan páìpù èéfín tàbí ohunkóhun tó ń yí.

Ẹ ó gbọ́ tí ẹlòmíràn yóò ní a gbọ́dọ̀ tú afẹ́fẹ́ inú páìpù dànù bí a ti ń ṣe fún búréèkì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ géèjì yóò parọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ díẹ̀ tó bá há síbẹ̀ yóò kàn jẹ́ kí ọwọ́ géèjì lọ́ra láti gòkè ni. Bí pírẹ́ṣọ̀ bá ti dúró sójú kan, iye tí géèjì yóò kà kò yí padà. Ohun tó ṣe pàtàkì jù ni kí wọ́n má tíì dá àwo géèjì padà sí àyè rẹ̀. Kí wọ́n kọ́kọ́ dá orí bátìrì padà, kí wọ́n wé tíṣù funfun mọ́ ẹnu méjèèjì, kí wọ́n tan ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n jẹ́ kí ó gbóná, kí wọ́n tẹ iná díẹ̀, kí wọ́n sì wo tíṣù náà. Bí àmì tó tó orí abẹ́rẹ́ bá hàn lára rẹ̀, ó ń jò nìyẹn. Kí wọ́n pa á, kí wọ́n fún nọ́ọ̀tì náà díẹ̀ sí i, kí wọ́n tún tan án. Ojú géèjì tí ẹ bá rí lẹ́yìn èyí ni ẹ lè gbà gbọ́.

Géèjì oníná tí ẹni kẹta dábàá ní ire tirẹ̀, n kò sì ní fi í bú. Kò mú ọ́ìlì wọ inú ọkọ̀ rárá, wáyà lásán ló ń wọlé. Fún ẹni tó ń fi ọkọ̀ àtijọ́ ṣe kábúkábú, mo lè gbà á nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n géèjì tó wà nínú àwo yín kò lè bá ẹ̀rọ oníná ṣiṣẹ́, ẹ ó ní láti ra géèjì mìíràn, kí ẹ sì lu ihò fún un lára dáṣíbọ́ọ̀dù tí bàbá yín tọ́jú láti ọdún 1982. Ẹ̀rọ tó ń ránṣẹ́ láti ara ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ bá géèjì rẹ̀ mu pẹ̀lú; bí a bá pa ti ilé iṣẹ́ kan pọ̀ mọ́ ti òmíràn, iye tí kò jẹ́ òótọ́ ni yóò máa kà, ẹ kò sì ní mọ̀. Fún yín, n kò rí ìdí rẹ̀.

Ṣé ẹ ó lè lọ sí Ọ̀fà? Ọ̀sẹ̀ márùn-ún tó, bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí. Kí wọ́n kọ́kọ́ fi géèjì ìdánwò wọn ẹ́ńjìnnì, nítorí pé bí ó bá jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì ló ní àrùn, ẹ ó mọ̀ kí ẹ tó náwó sórí páìpù. Bí ó bá yege, ẹ pààrọ̀ páìpù, kí ẹ sì fi ọ̀sẹ̀ méjì wa ọkọ̀ láàárín Kubwa àti Gwarinpa nìkan. Ẹ fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ kápẹ́ẹ̀tì àti àwọn pẹ́dà, pàápàá jù lọ ti búréèkì, nítorí ẹsẹ̀ tó ní ọ́ìlì lè yọ̀ lórí rẹ̀ nígbà tí ẹ bá nílò rẹ̀ jù. Ní òpin ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ tún wé tíṣù mọ́ ẹnu ti ara ẹ́ńjìnnì lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí ó bá jáde ní funfun, ẹ máa lọ. Ẹ gbé ọ́ìlì lítà mélòó kan sínú bóòtù ọkọ̀, ẹ dúró ní Lọ́kọ́ja, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì sinmi bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ fa ọ̀pá ìwọ̀n ọ́ìlì yọ kí ẹ wò ó, kí ẹ tó kọjú sí Kàbà. Bí ọwọ́ géèjì bá já sí òdo lórí eré, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ má sọ pé kí ẹ kàn dé ìlú tó kàn. Bóòtù tí wọ́n bá sì fi dí ihò ẹ́ńjìnnì nígbà tí ọkọ̀ ń dúró de páìpù, ẹ gbà á lọ́wọ́ mẹkáníìkì, ẹ fi wáṣà bàbà tuntun kan tì í, kí ẹ wé wọn pọ̀ sínú àpótí sípánà yín kí ẹ tó gbéra.